Gásíkẹ́ẹ̀tì Kékeré Inú Ìjàpá Bàbá

Ọmọ wa obìnrin ló kọ́kọ́ gbọ́ òórùn rẹ̀. A ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ ní Kàdúná ní ọjọ́ Àìkú kan. Bàbá jókòó níwájú, àwọn ọmọ méjèèjì sì wà lẹ́yìn. Ó ní, "Mọ́mì, mò ń gbọ́ òórùn epo o." A ní kó dákẹ́, pé ọkọ̀ tó wà níwájú wa ni. Kò pẹ́ sí i ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́, ó sì kú sójú títì. Nígbà tí a ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, epo bẹntiróò ń kán láti ara kábúrétọ̀ sórí irin tó gbóná. Ẹ rántí pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Volkswagen Ìjàpá wà, kò sì jìnnà sí ibi tí àwọn ọmọ ń jókòó. A kó wọn sọ̀ kalẹ̀, a di Bàbá lọ́wọ́ mú, a sì dúró ní òdìkejì títì títí gbogbo rẹ̀ fi tutù. Iná kò sọ. Ṣùgbọ́n a kò rí oorun sùn lóru ọjọ́ náà.

Àwọn ará àdúgbò ní ká ta á. Mọ́tò yìí kì í ṣe ohun tí a lè tà. Ọdún 1978 ni Bàbá rà á, nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ níbí. Òun ni wọ́n fi gbé Màmá lọ sí ilé ìwòsàn ní òru tí wọ́n bí ọ̀kan nínú àwa méjèèjì. Màmá ti lọ báyìí. Bàbá fẹ́ pé ọmọ 80 ọdún, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì tọrọ lọ́wọ́ wa ni pé Ìjàpá náà ni ká fi gbé wọn lọ síbi ìdúpẹ́.

Nígbà tí màlámù tó ń bá wa tún mọ́tò ṣe tú kábúrétọ̀ náà, ó pè wá pé ká wá wò ó. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ ìdérí rẹ̀ jẹ́ páálí bísíkíìtì. A ṣì lè ka lẹ́tà mẹ́ta lára rẹ̀. Ẹnì kan ló gé e ní ọjọ́ tí kò rí òmíràn, a kò sì lè dá a lẹ́bi púpọ̀. Àmọ́ páálí máa ń mu epo, yóò rọ̀, yóò sì ya.

Màlámù ṣàlàyé fún wa pé gásíkẹ́ẹ̀tì méjì ló yẹ ká fiyè sí. Èyí òkè wà láàárín ìdérí àti abọ́ tí epo ń dúró sí. Bí ó bá bàjẹ́, epo ni yóò máa jáde, níbi tí iná ti lè sọ. Èyí ìsàlẹ̀ wà láàárín kábúrétọ̀ àti páìpù tó ń gbé afẹ́fẹ́ àti epo wọ inú ẹ́ńjìnnì. Bí òun bá bàjẹ́, afẹ́fẹ́ tí kò gba ọ̀nà tó yẹ ni yóò máa wọlé. Epo yóò wá kéré ju afẹ́fẹ́ lọ: mọ́tò á máa kú bí ẹ bá dúró, á máa súfèé, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ti pẹ́ tí tiwa ti ń kú bẹ́ẹ̀. A ṣáà ń yí ìdè tó ń gbé ìró ẹ́ńjìnnì sókè, a rò pé a ti rí ojútùú.

A lọ sọ́jà. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to Pijó ní Kàdúná, nítorí náà gbogbo ìsọ̀ ló mọ 504 bí ẹni mọ owó. Ìjàpá ló ṣòro. Ọ̀gá kan bi wá pé, "Irú mọ́tò wo?" A ní Ìjàpá 1300 ni, nítorí ohun tó wà nínú ìwé Bàbá nìyẹn. Ó fún wa ní tuntun, nínú ọ̀rá. Nígbà tí a gbé èyí ìsàlẹ̀ lé ojú kábúrétọ̀, ihò àárín rẹ̀ kéré, ihò ìdè kò sì bára mu. Ọlọ́jà ní, "Ẹ fi ọ̀bẹ gé e díẹ̀, yóò wọlé." Ìdúpẹ́ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ká má parọ́, a fẹ́ gbà.

Màlámù ló kọ̀. Ó nu ara kábúrétọ̀ náà, ó sì fi ìka hàn wá: 34 PICT-3 ló wà lára irin. Ti 30 PICT ni wọ́n tà fún wa, èyí tí ẹnu rẹ̀ kéré jù ú lọ. Nígbà tí a délé tí a sọ fún Bàbá, wọ́n di orí mú. "Áà, mo ti gbàgbé! Ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ ti kú tipẹ́. Wọ́n yọ 1600 lára mọ́tò kan tó ní jàǹbá, òun ni wọ́n fi sí i." Ìwé kò yí padà, ṣùgbọ́n inú mọ́tò ti yí padà.

Ọ̀kan nínú wa ń kẹ́kọ̀ọ́ gíga nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, ó sì ń ṣe iṣẹ́ olóòtú. Ojoojúmọ́ ló ń bá àwọn òǹkọ̀wé jà lórí àmì ohùn: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Ẹni tó bá ní "wọ́n jọra, ó ti tó" yóò gbé ọ̀kọ̀ fún ẹni tó ń wá ọkọ́. Ojú tì wá pé ohun tí a kì í gbà lórí ìwé ni a fẹ́ gbà níbi tí epo àti iná wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní irú mọ́tò yìí nílé, nọ́ńbà ara kábúrétọ̀ ni kí ẹ fi ra gásíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe orúkọ mọ́tò. Ẹ mú ti àtijọ́ dání, kí ẹ gbé e lé tuntun. Ihò gbọ́dọ̀ bá ihò mu, etí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ yọ sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún epo bẹntiróò ni kí ẹ rà. Ẹ má lo páálí tàbí rọ́bà táyà, ẹ má sì fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù dípò rẹ̀: epo máa ń jẹ ẹ́, èérún rẹ̀ á sì lọ dí ihò kéékèèké inú kábúrétọ̀. Bí mẹkáníìkì bá fẹ́ to méjì léra nítorí pé ojú irin ti wọ́, ẹ ní kó kọ́kọ́ gbé rúlà lé e. Gásíkẹ́ẹ̀tì kì í tún irin tó ti wọ́ ṣe. Kí ẹ́ńjìnnì tutù kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n yọ okùn bátìrì, kí wọ́n fi àkísà tó mọ́ dí ẹnu páìpù kí ìdọ̀tí má bọ́ sínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa fún ìdè, lọ́tùn-ún lósì, nítorí àfúnjù ló ń mú ojú irin wọ́.

Àbúrò wa kan tó wà ní Èkó ló rí èyí tó bára mu rà. Ó fi rán awakọ̀ èrò sí wa nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí màlámù parí iṣẹ́, ó tan ẹ́ńjìnnì, ó fi búrọ́ọ̀ṣì ta omi ọṣẹ sí etí ibi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ wà, ó sì tẹ́tí. Ìró kò yí padà. Afẹ́fẹ́ kò wọlé mọ́.

Ní òwúrọ̀ ìdúpẹ́, Bàbá ti jókòó pẹ̀lú agbádá wọn, ọmọ wa obìnrin sì dúró síta. Ó ní òun kò tíì wọlé. A kò ní kó dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. A ṣí ẹ̀yìn mọ́tò fún un, a tan iná tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì fi imú rẹ̀ wá gbogbo ibẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn náà ló wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó ní, "Grandpa, ẹ jẹ́ ká máa lọ."