Áyọ́ọ̀nù Eléèédú Tí Mo Rà ní Kábbà

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni ìyá mi ń ṣe ní Kábbà. Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ni ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí ó ń gbà, pàápàá ní oṣù kẹjọ àti oṣù kẹsàn-án tí iléèwé bá ti fẹ́ wọlé. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé aṣọ tí a kò tíì lọ̀ kò tíì parí. Bó ti wù kí ojú rírán dára tó, bí aṣọ bá ti hunjọ, oníbàárà á ní télọ̀ náà kò mọṣẹ́. Ẹsẹ̀ ni ìyá mi fi ń wa ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, kò nílò iná. Áyọ́ọ̀nù nìkan ló so mọ́ iná mọ̀nàmọ́ná. Nígbà ìsinmi tó kọjá, iná náà a máa lọ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó yọjú.

Ẹ lè ní ṣebí jẹnẹrétọ̀ wà. Ó wà, ṣùgbọ́n ti kékeré yẹn ni, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour". Ó lè gbé gílóòbù àti fáànù, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù tó ń jẹ wáàtì 1000 ju agbára rẹ̀ lọ. Bí a bá ti kì í bọ̀ ọ́, jẹnẹrétọ̀ á kérora, á sì kú. Èyí tó lè gbé e ń mu epo púpọ̀, owó epo kò sì jọ ti àtijọ́ mọ́ láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Lítà kan tí kò tó ₦200 ṣáájú ọjọ́ náà kọjá ₦480 láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Yunifọ́ọ̀mù 46 wà nílẹ̀ fún iléèwé kan, ó sì ku ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n wọlé. Bí a kò bá kó o fún wọn lásìkò, télọ̀ mìíràn ni yóò gba iṣẹ́ náà lọ́dún tó ń bọ̀. Nínú owó iṣẹ́ yẹn náà la ti fẹ́ san apá kan lára owó iléèwé tèmi. Ìyá mi ronú títí, ó wá ní, "Áyọ́ọ̀nù eléèédú la fi kọ́ṣẹ́. Lọ bá mi wá ọ̀kan. Má ra tuntun o, kò wúwo."

Ìdí wà tó fi fẹ́ kó wúwo. Páànù tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú àwọn tuntun tó wà lọ́jà. Irin dídà ni ti àtijọ́, ìyẹn irin tí a yọ́ dà sínú àpẹẹrẹ, kì í ṣe èyí tí a fi owú rọ. Kábọ́ọ̀nù inú irin bẹ́ẹ̀ máa ń tó ìdá 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún. Òun ló ń jẹ́ kó tètè yọ́, kó sì ṣàn wọ gbogbo kọ̀rọ̀ àpẹẹrẹ. Nítorí pé ó nípọn, bó bá ti gbóná, kì í tètè tutù, ìwọ̀n ara rẹ̀ ló sì ń tẹ aṣọ dípò apá ẹni tó dì í mú. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó máa ń sán.

Wọ́n júwe bàbá kan fún mi, télọ̀ àtijọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Mo kí i ní ìkíni ilẹ̀ wa, "Òkun o, bàbá," ìkíni tí wọ́n fi ń pe gbogbo wa, Owé, Bùnú, Ìyàgbà, Ìjùmú àti Ọ̀wọ́rọ̀, ní orúkọ kan. Áyọ́ọ̀nù méjì ni ó gbé jáde lábẹ́ bẹ́ǹṣì, méjèèjì ti dípẹtà. Ó mú kọ́kọ́rọ́, ó fi kan ìdí ọ̀kan. Ó dún gooro bí agogo. Ó kan èkejì, ìyẹn dún pẹ́kẹ́.

"Èyí ti sán," ó ní. "Ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n etí á gbọ́ ọ. Má rà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

Ó pe èyí tó dára ní ₦12,000. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ ìyá mi ni a fẹ́ fi ṣe." Ó wò mí. "Aṣọ lẹ fẹ́ fi lọ̀ ní tòótọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Mú ₦7,000 wá. Àwọn tó ń rà á lọ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ pálọ̀ ni mò ń tà á wọ́n fún."

Ohun tí mo gbé délé kò dùn ún wò. Àkùkọ kékeré tí a ń yí láti fi ti ìdérí ṣì wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìpẹtà ti mú un ṣinṣin. Ọwọ́ pákó rẹ̀ ti jóná dé ìdajì. Irin tín-ín-rín tó so ìdérí mọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn ti já. Páànù pẹlẹbẹ tó yẹ kó wà láàárín ìdérí àti ọwọ́, kí ooru má baà jó ẹni tó ń lò ó, kò sí níbẹ̀ rárá.

Mo da kẹrosíìnì díẹ̀ sídìí àkùkọ náà, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó rọra yí i. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà ha ìpẹtà inú àti ẹ̀gbẹ́ kúrò, mo sì fi sáńpépà múlọ́múlọ́ ra ìdí rẹ̀ títí ó fi ń dán. Wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa ní òun á jó ìdérí pọ̀ mọ́ ọn kíá. Ìyá mi kọ̀, ó ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Alágbẹ̀dẹ gbé e lọ́wọ́, ó ní, "Irin dídà lèyí. Bí a bá jó o bí irin lásán, ẹ̀gbẹ́ ibi tí a jó ni yóò ti sán." Kò kó o sínú iná, kò sì fi owú lù ú. Ìṣó gígùn kan ni ó gé, ó tì í bọ inú ihò méjèèjì, ó sì tẹ orí rẹ̀ bẹ́ẹ́rẹ́ kó má baà yọ. Ó gé páànù àtijọ́ fi rọ́pò èyí tó sọnù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀dọ̀ káfíńtà ni mo ti gba ọwọ́ tuntun, igi ìrókò, pẹ̀lú ihò tó la inú rẹ̀ já. Gbogbo àtúnṣe náà jẹ ₦3,500 àti ọjọ́ mẹ́ta.

Lẹ́yìn náà ni mo fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pa á lára, àfi ìdí rẹ̀, mo sì kó iná sínú rẹ̀ ní gbangba títí òróró náà fi gbẹ mọ́ ọn lára, tó dúdú. Òun ni kì í jẹ́ kí ìpẹtà tètè padà. Ìdí rẹ̀ ní tirẹ̀, àbẹ́là ni ìyá mi fi pa á nígbà tó gbóná, tó sì fi àkísà nù ún, kó lè máa yọ̀ lórí aṣọ.

Lílò rẹ̀ ní òfin. Ìta ni a ti ń dáná sí èédú títí yóò fi di ògúnná, kí a tó kó o sínú áyọ́ọ̀nù. Èédú náà kò gbọdọ̀ tóbi ju àsálà lọ. A ó ti ìdérí, a ó máa fì í síwá sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè gba àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé. A ó ta omi sí ìdí rẹ̀. Bó bá dún ṣàà, ó ti tó. Aṣọ tútù ni a ń tẹ́ lé yunifọ́ọ̀mù, kí ẹ̀ta iná má baà dá ihò sí i. Èyí tó ṣe pàtàkì jù: ẹ má ṣe lò ó nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa. Afẹ́fẹ́ olóró tí èédú ń tú jáde kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Abẹ́ igi máńgòrò ni ìyá mi gbé tábìlì rẹ̀ sí.

Ọjọ́ méjì ni ó fi lọ yunifọ́ọ̀mù 46 náà tán, iná mọ̀nàmọ́ná kò sì dé lọ́jọ́ méjèèjì. Èédú ₦1,500 ló lò. A kó aṣọ náà lọ ní ọjọ́ Jímọ̀, iléèwé wọlé ní ọjọ́ Mọ́ńdè, wọ́n sì sanwó.

N kò sọ pé kí gbogbo wa padà sórí èédú. Ní 1882 ni Henry Seely ti gba ẹ̀tọ́ àṣẹ áyọ́ọ̀nù oníná ní Amẹ́ríkà, ó sì yẹ kí iná tó lè gbé e ti wà ní Kábbà. Igi ayín àti igi ẹmi wà lára àwọn tí wọ́n ń gé sun ní èédú, ẹmi sì lè lo ọdún 15 sí 20 kó tó so èso tí a fi ń ṣe òrí. Nítorí náà, bí iná bá wà, ti oníná ni ìyá mi ń lò.

Ohun tó ń jẹ́ mi lọ́kàn jù ni ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn àgbà wọ̀nyí. Òkè Itakpe tí irin wà nínú rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ wa. Iléeṣẹ́ irin Ajaokuta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1979, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ààrò ìyọ́rin ńlá rẹ̀ kò tíì yọ́ irin rí. Ilẹ̀ òkèèrè ni irú áyọ́ọ̀nù yìí ti ń wá. Ṣùgbọ́n etí tó gbọ́ pé irin ti sán, ọwọ́ tó mọ̀ pé a kì í lù ú, Kábbà ni wọ́n wà, àwọn tó ni wọ́n sì ti dàgbà.

Iṣẹ́ wa ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí ni ọ̀rọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe "lọ̀": òun la fi ń lọ ata, òun náà la fi ń lọ aṣọ. Bàbá tó ta áyọ́ọ̀nù fún mi ní orúkọ fún àkùkọ yẹn, fún ihò ẹ̀gbẹ́, fún páànù abẹ́ ọwọ́, gbogbo rẹ̀ ní èdè Owé. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sílẹ̀. Bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn télọ̀ àgbà ìlú yín, kí ẹ sì kọ tiyín náà wá.