Ẹ Má Tíì Bú Update

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń gbọ́ jù lọ lẹ́nu àwọn tó ń gbé kọ̀ǹpútà wá bá mi, láti Mọ́níyà títí dé Akánrán ní agbègbè Ìbàdàn, ni pé, "Update ló bà á jẹ́." Wọ́n á ní ẹ̀rọ náà sọ pé òun ń ṣe update, kí àwọn má pa òun, ó yí, ó yí, ó kú, ó tún jí. Láti ìgbà náà, ìkànnì kankan ò ṣí mọ́. Portal ilé-ìwé kọ̀, ti báńkì ń pariwo ewu, Facebook ò jẹ́ kí wọ́n wọlé. Ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣòro kó gbà pé ọwọ́ update lè mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Mi ò bá wọn jà. Ohun tí ojú rí gbẹ̀yìn lọkàn máa ń fẹ̀sùn kàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn update àti ohun tí update fà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, àìyà wọ́n sọ́tọ̀ sì ń ná àwọn èèyàn wa lówó gidi.

Bàbá olùkọ́ fẹ̀yìntì kan wà ní Lálùpọn. Ọmọ wọn ló fi láptọ́ọ̀pù ránṣẹ́ sí wọn láti Èkó, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nítorí iná, inú báàgì ló máa ń wà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó tún gbé e jáde. Lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, èsì ìdánwò ọmọ-ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. "Ọmọ mi, bá mi wò ó," wọ́n ní, "àtìgbà tó ti ṣe update yẹn, ibi gbogbo tí mo bá tẹ̀ ló ń sọ pé olè fẹ́ jí nǹkan mi."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀."

Ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012 ni ẹ̀rọ náà gbà pé a wà. Mo tún un ṣe, ojú-ewé náà sì ṣí. Inú bàbá dùn, wọ́n ní ó parí. Mo ní kò tíì parí, sà. Mo yọ okùn iná, mo yọ bátìrì ńlá, mo sì tú ẹ̀yìn rẹ̀. Bátìrì kékeré kan wà níbẹ̀, pẹlẹbẹ, róbótó, tí wọ́n fi rọ́bà dúdú wé, tí wáyà tín-ín-rín méjì, pupa àti dúdú, jáde lára rẹ̀. CR2032 ni wọ́n kọ sí i. Òun ló ń bá kọ̀ǹpútà ka ọjọ́ nígbà tí kò bá sí iná kankan lára rẹ̀. Volt 3 ló yẹ kó gbé. Nígbà tí mo fi mítà kàn án, kò pé ọ̀kan. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún aago ṣe pàápàá èèyàn lè rí i rà.

Báyìí lọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Ìkànnì tí àdírẹ́sì rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https ní ìwé ẹ̀rí kan tó gbọ́dọ̀ fi han browser, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì, kó tó gbà á wọlé. Ìwé náà ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ ilẹ̀ n'Ìbàdàn, èyí á tètè yé e: bí ẹ bá gbé ìwé ilẹ̀ tí wọ́n buwọ́ lù lọ́dún 2025 síwájú ẹni tó dá lójú pé ọdún 2012 la ṣì wà, ayédèrú ni yóò pè é, bó ti wù kó jẹ́ ojúlówó tó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni browser bàbá ń ṣe. Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún un ni kò tọ̀nà.

Kí ló wá kan update? Òun ló ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ kó tún ara rẹ̀ tàn. Bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́ niná lọ, bátìrì ńlá náà ò sì gba iná dúró mọ́. Kí wọ́n tó tún rí iná, bátìrì kékeré ti pàdánù ọjọ́ tó ń kà. Bí wọ́n bá ti pa ẹ̀rọ náà fúnra wọn lọ́jọ́ mìíràn tíná sì pẹ́ kó tó dé, ohun kan náà ni wọn ì bá bá.

Nítorí irú èyí ni mo fi máa ń bínú sí àwọn tó ń kọ́ èèyàn pé bí ìkìlọ̀ pupa yẹn bá ti yọjú, kí wọ́n tẹ Advanced, kí wọ́n wọlé tipátipá. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é níbi tí ẹ ti fẹ́ tẹ nọ́ńbà báńkì tàbí NIN yín. Ìgbà míì wà tólè wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ẹ̀bi kan wà tó jẹ́ ti update gan-an, mi ò ní gbèjà rẹ̀ níbẹ̀. Fóònù ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó ní bìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Ìyànà Ọ̀fà àti Ẹgbẹ́dá fi ń fún kọ̀ǹpútà wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì. Windows ò mọ̀ pé dátà tí wọ́n fowó ọwọ́ wọn rà láàárọ̀ ni. Wi-Fi tí kò lópin ló kà á sí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa gbogbo update tó ti ṣẹ́ jọ látìgbà tí ẹ̀rọ náà ti wà ní pípa. Oníbàárà á wá dé láti wá tẹ ìwé JAMB tàbí láti wá gba tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè tó ń gbéra láti Mọ́níyà lọ sí Èkó. Àmì Wi-Fi á máa hàn ketekete, ojú-ewé á kọ̀ jálẹ̀, torí dátà ti tán. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ tẹlifóònù ní Nàìjíríà, ti gba àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù láyè láti fi tó 50% lé owó wọn, ìnáwó yìí ti kúrò ní kékeré. Nínú ètò Wi-Fi kọ̀ọ̀kan lórí Windows, ibì kan wà tí wọ́n kọ Metered connection sí. Ẹ tan án fún hotspot fóònù yín. Kò ní pa update rẹ́, àmọ́ kò ní jẹ́ kí àwọn tó tóbi máa wọlé láìgbàṣẹ. Tó bá dòru tí dátà òru sì wà, kí ẹ fúnra yín wá ní kó máa gbà á.

Bí ọjọ́ bá péye tí dátà sì wà, tí ojú-ewé ò tún ṣí, ìbéèrè ló kù. Mo máa ń ṣí ojú-ewé kan náà lórí fóònù tó ń fún kọ̀ǹpútà ní dátà. Bó bá ṣí níbẹ̀, ara kọ̀ǹpútà ni ká ti máa wá a. Lẹ́yìn náà ni màá lo fèrèsé ìkọ̀kọ̀ tí browser ní. Bó bá ṣí níbẹ̀, ohun àtijọ́ tí browser tọ́jú ló ń da nǹkan rú, ká pa á rẹ́ ló kù. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ẹ̀rọ kò rí ẹni tó máa bá a sọ orúkọ ìkànnì di nọ́ńbà, ohun tí wọ́n ń pè ní DNS. Ẹ lè fi 8.8.8.8 ti Google síbẹ̀, tó ti wà látọdún 2009, tàbí 1.1.1.1 ti Cloudflare, tó dé lọ́dún 2018. Antivirus tí àkókò rẹ̀ ti tán náà máa ń dínà.

Bí kò bá sì ṣí lórí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni, ẹ pa ẹ̀rọ yín dé, ẹ sinmi. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun kọjá, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, já nítòsí Abidjan, àwọn báńkì àtàwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ní Nàìjíríà sì ta gìọ́gìọ́. Kò sí ohun tí ẹni tó tú láptọ́ọ̀pù palẹ̀ lọ́jọ́ yẹn fẹ́ rí níbẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù ni pé lẹ́yìn irú ìdààmú yìí, ohun tí àwọn èèyàn máa ń ní kí n ṣe ni pé kí n pa update títí láé. Àwọn kan ń gbowó ṣe é. Ọdún méjì, ọdún mẹ́ta, ìkànnì á wá kọ̀ lóòótọ́, á sì kọ̀ pátápátá. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 ni Microsoft ti ṣíwọ́ lára Windows 7. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2023, Chrome tuntun ò gba Windows 7 mọ́. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìwé ẹ̀rí àgbà kan tó ń jẹ́ DST Root CA X3 kú. Àìmọye ìkànnì tó ń gba ìwé ẹ̀rí ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ Let's Encrypt ló ti fara tì í. Ẹ̀rọ tó ti ń gba update ti mọ arọ́pò rẹ̀, ISRG Root X1. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ti ilẹ̀kùn update mọ́ ò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹni ire ní olè. Let's Encrypt bá àwọn fóònù Android àtijọ́ wá ọgbọ́n kan dá, àwọn ẹ̀rọ mìíràn ò rí alágbàwí. Firefox ni browser tí mo máa ń fi sórí irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń gbé orúkọ àwọn tó fọkàn tán kiri fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ará oko nìkan ni àìgba update ń bá fínra, kó rántí ìdánwò àtiwọ yunifásítì tí àjọ JAMB ṣe lọ́dún 2025. Wọ́n tún ètò ìdánwò náà ṣe, àtúnṣe náà dé àwọn ẹ̀rọ kan, kò dé àwọn tó ń sin Èkó àti ìlà-oòrùn gúúsù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ títí èsì fi jáde. Ibùdó 157 ló kàn, 65 ní Èkó, 92 ní ìlà-oòrùn gúúsù. Akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ni wọ́n ní kí wọ́n wá tún ìdánwò ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Olóyèdé, ọ̀gá àjọ náà nígbà yẹn, sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Update tí wọn ò ṣe ló fa èyí. Àwọn ọmọ tó gba máàkì burúkú lọ́sẹ̀ yẹn ti gbọ́ èébú ọ̀lẹ kí wọ́n tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Ohun tí mò ń bẹ àwọn tó ń kọ́ portal ilé-ìwé fún ni pé kí wọ́n gbé e sórí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ ti pẹ́, kí wọ́n fi hotspot abúlé ṣí i, kí wọ́n tó kéde ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Kí wọ́n sì fi Yorùbá kọ ohun tó dínà. Ọmọ tó gun ọ̀kadà láti oko wá sí Akánrán, tí wọ́n kàn kọ "error" sí lójú, owó ọ̀kadà lẹ́ẹ̀mejì ló máa tún san.

Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ni ti Windows 10, tí Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tó wà ní àwọn ìlú wa ò lè gba Windows 11, torí kò sí TPM 2.0, ẹ̀yà ààbò tí Windows 11 ń béèrè, lára wọn tàbí ọpọlọ wọn ti gbó jù. Àyè ṣì wà títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026 fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún update ààbò, ẹni tó bá fi àkáǹtì Microsoft tọ́jú ètò ẹ̀rọ rẹ̀ sì lè rí i gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Mò ń bá àwọn tó bá fẹ́ ẹ forúkọ sílẹ̀. Fún àwọn tí kò lè dúró sórí Windows 10, mò ń fi Linux Mint, ètò mìíràn tó lè rọ́pò Windows, dán an wò. Wọ́n máa ń bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé Word wà níbẹ̀?" LibreOffice wà níbẹ̀, ó sì ń ṣí ìwé Word. Àmọ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n so ẹ̀rọ ìtẹ̀ka mọ́, mi ò tíì fọwọ́ kàn án, torí ọ̀pọ̀ àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀ka náà ò mọ̀ ju Windows lọ.