Ọmọ Èkìtì Tó Ń Ta Kórà, Tó Ń Lu Sẹ́lò

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ ńkọ́, níbo ni yóò ti rí ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ kó? Ìgbésí ayé Túndé Jẹ́gẹ́dẹ́ dáhùn ìbéèrè yìí.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1972. Emmanuel Táíwò Jẹ́gẹ́dẹ́, agbẹ́gilére àti akéwì ọmọ Èkìtì, ni bàbá rẹ̀. Láti kékeré ni ọmọ náà ti ń kọ́ sẹ́lò, ohun èlò orin ńlá olókùn mẹ́rin tí a máa ń jókòó tì, tí a ó sì máa fi ọ̀pá ha okùn rẹ̀ bí onígòjé ti ń ṣe. Ó lọ sí Purcell School, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó mọ orin dunjú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọmọ ọdún 10, ó lọ sí Gambia, ó lọ jókòó lẹ́sẹ̀ Amadu Bansang Jobarteh, ọ̀gá àwọn tó ń ta kórà. Igbá ńlá tí wọ́n fi awọ bò ni kórà, okùn 21 ló sì wà lára rẹ̀. Àwọn jàlí tó ń ta á dà bí arọ́kin ààfin Ọ̀yọ́: ìtàn àwọn ọba wà lẹ́nu wọn. Wọ́n wà ní Gambia, ní Mali, títí dé Burkina Faso. Ìdílé ni wọ́n ti ń jogún iṣẹ́ náà, bí ìdílé Àyàn ti ń jogún ìlù. Síbẹ̀, bàbá àgbà náà gba ọmọ àlejò, ó sì kọ́ ọ.

Jẹ́gẹ́dẹ́ kò pa ọ̀kan tì nítorí èkejì. Ohun èlò méjèèjì ló ń lò títí di òní. Lọ́dún 1994, ó kọ ìwé tó fi pe orin àwọn jàlí ní *classical*, orúkọ tí àwọn òyìnbó fi ń pe orin àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ tiwọn. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Orin tó ní ìlànà, tó ti wà láti ayébáyé, tí a kì í kọ́ tán lọ́jọ́ kan, kí ló tún kù?

Ọ̀pọ̀ òbí ló ń sanwó kí ọmọ wọn lè mọ dùùrù tẹ̀. Kò burú. Àmọ́ mélòó nínú wọn ló ti mú ọmọ lọ sí agboolé Àyàn, kí wọ́n ní, "Bàbá, ẹ gba ọmọ yìí, ẹ fi gángan kọ́ ọ"? Láti Lọ́ńdọ̀nù ni ọmọ ọdún 10 ti lọ wá olùkọ́ dé Gambia. Àwọn olùkọ́ tiwa kò jìnnà tó bẹ́ẹ̀.