Ajá Tí Kò Sí Nílé

Ní ilé Yorùbá, ojú ni àgbà fi í bá ọmọdé wí níwájú àlejò. Bí ìyá bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ọmọ tí ó ti ń na ọwọ́ sí ẹran inú abọ́ yóò ká ọwọ́ rẹ̀ kò. Bí ó bá ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ náà yóò dìde kúrò ní pálọ̀ láìsọ̀rọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe tọ́ obìnrin kan tí ó ń ta àǹkárá ní ọjà Sabon Gari ní ìlú Kánò. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Òwò ni ó gbé bàbá rẹ̀ dé ilẹ̀ Haúsá, bí ó ti gbé ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ṣáájú rẹ̀. Òun náà fi ojú tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ohun tí ó sì máa ń fi yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjà ni pé àwọn ọmọ òun bẹ̀rù òun.

Ní ọdún 2017, àkọ́bí rẹ̀ pé ọmọ ọdún 16. Ní alẹ́ Sátidé kan, ọmọkùnrin náà lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣe ọjọ́ìbí. Aago 9 ni wọ́n dá fún un, aago 9 kò sì tíì lù tí ó fi wọlé, tí ó kí ìyá rẹ̀, tí ó sì gba yàrá lọ. Inú ìyá dùn pé ọmọ òun gbọ́ràn. Ọ̀sán ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, ni ó tó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Oògùn ikọ́ olómi tí ó ní kodíìnì nínú ni àwọn ọmọ náà dà mọ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọ̀kan nínú wọn mu ún jù, ó sùn lọ níbi tí ó jókòó sí, wọ́n jí i, kò jí. Ni àwọn yòókù bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Oníkẹ̀kẹ́ Maruwa kan tí ó ń kọjá ni ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, Ọlọ́run sì kó o yọ.

Nígbà tí ìyá bi ọmọ rẹ̀ léèrè ìdí tí ó fi fi ọ̀rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀, èsì rẹ̀ kúrú: “Mo bẹ̀rù yín, Mọ́mì. Aago mẹ́sàn-án ti fẹ́ẹ́ lù.”

Obìnrin náà kò rí ìbínú bí. Ìgbọ́ràn tí ó yin ọmọ rẹ̀ sí lánàá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Ojú àgbà lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè ríran kọjá ògiri. Òwe sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí, tí ó bá dé inú rẹ̀, á di odidi. Ṣùgbọ́n àbọ̀ wo ni wọ́n sọ fún ọmọ yìí? “Má ba orúkọ ilé wa jẹ́” ni ó ti ń gbọ́ láti kékeré. Kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí ènìyàn ń ṣe fún un bí ojúgbà rẹ̀ bá dákú.

Bàbá ọmọ ní kí wọ́n dá a padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àtijọ́ ni irú ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ti wá, bí ẹni pé igò oògùn ikọ́ kò mọ ọ̀nà ìlú ẹni. Àyẹ̀wò tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ jọ ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní 2019, fi hàn pé nínú àwọn ará Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64, mílíọ̀nù 14.3 ni wọ́n ti lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan. Bí ẹnì kan nínú méje nìyẹn. Ìlú wo ni ènìyàn yóò wá kó ọmọ sá lọ?

Ìyá náà mú ọmọ rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò. Nọ́ọ̀sì kò wàásù. Ó ṣàlàyé pé inú ẹ̀dọ̀ ni kodíìnì ti ń di mọ́fíìnì, pé ara ẹlòmíràn a máa yí i padà kíákíá ju ti ẹnìkejì lọ, nítorí náà ohun tí ọ̀rẹ́ mu tí kò ṣe é lè ṣe ẹlòmíràn. Èémí ni ó ń fà sẹ́yìn. Bí ọtí bá tún dà pọ̀ mọ́ ọn, èémí lè dúró pátápátá. Ẹni tí ó ń hanrun kíkankíkan, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, tí kò sì jí, kì í ṣe oorun ni ó ń sùn. Kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí èébì má baà fún un lọ́nà ọ̀fun, kí wọ́n má ṣe rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu, kí wọ́n wá olùrànlọ́wọ́, kí ẹnì kan sì dúró tì í. Ọmọ náà béèrè ìbéèrè mẹ́rin. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ní ìbéèrè kankan.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ó rántí àrokò. Láyé àtijọ́, bí ènìyàn bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹnì kan, ẹni náà mọ̀ pé ọkàn olùránṣẹ́ fà sí òun, ẹni tí ó gbé e wá kò sì ní láti mọ ohun tí ó rù. Òun àti ọmọ rẹ̀ bá dá àrokò tiwọn sílẹ̀. Ibikíbi tí ó bá wà tí ọ̀ràn bá fẹ́ẹ́ bẹ́, kí ó pè é lórí fóònù, kí ó béèrè pé, “Ṣé ẹ ti fún ajá lóúnjẹ?” Wọn kò ní ajá. Òun yóò wá gbé e, kò sì ní bi í ní ohunkóhun títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dákú, òfin aago 9 ti fọ́ nìyẹn.

Bàbá ní àyè ni wọ́n ń fún ọmọ láti bàjẹ́. Ẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀, nítorí àwọn ọmọ kan wà tí wọn yóò sọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ di ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n obìnrin yìí kò tú òfin ilé ká. Ó ṣì ń béèrè ibi tí ọmọ ń lọ àti àwọn tí yóò wà níbẹ̀. Irọ́ ṣì ní ìjìyà tirẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni ó mú kúrò: ìbẹ̀rù àtipe ilé.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, ìjọba àpapọ̀ fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ oníkodíìnì àti kíkó o wọlé. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tramadol ti wà nílẹ̀ tipẹ́, èyí tí ó lè dá gìrì sí ènìyàn lára.

Nígbà òjò ọdún náà ni fóònù dún. Obìnrin náà ń ka owó ọjà lọ́wọ́. Ohùn ọmọ rẹ̀ rọra béèrè bóyá wọ́n ti fún ajá lóúnjẹ. Ó fi owó sílẹ̀ lórí tábìlì, ó wọ kẹ̀kẹ́. Ó bá a létí títì pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tí kò mọ̀, wọ́n gbé àwọn méjèèjì, wọ́n já ọmọ kejì sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Ìbéèrè kún ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni ó jáde: ṣé wọ́n ti jẹun?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kò ṣí ìsọ̀. Ọmọ náà sọ ibi tí hóró oògùn ti wá, ó sì sọ pé òun náà ti gbé ọ̀kan mì ní oṣù tí ó kọjá. Lẹ́yìn ìyẹn ó gbé orí sókè, ó ń wá ojú ìyá rẹ̀. Obìnrin náà kò ṣẹ́jú. Ó bi í bí ó ti rí lára rẹ̀ nígbà tí ó gbé e mì, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un.