Ìdúró àti Ìrìn

Ìwọ ọ̀dọ́, bí o bá ka ìwé Ẹ́kísódù orí 14, ìwọ yóò rí ohun tí ó máa ń mú mi ronú. Ní ẹsẹ 13, bí Fáráò ti ń lé wọn bọ̀, Mósè ní kí àwọn ènìyàn dúró jẹ́ẹ́. Ní ẹsẹ 15, Ọlọ́run ní kí wọ́n máa lọ síwájú. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì tako ara wọn bí? Rárá. Mósè ń fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀ ni. Nígbà tí àṣẹ dé, àkókò ìdúró parí. Sọ́ọ̀lù kò lè dúró de Sámúẹ́lì, ó sì gbọ́ pé ìjọba òun kì yóò dúró. Nítorí náà, bí ọ̀nà kò bá tíì hàn, mú sùúrù; ṣùgbọ́n bí o bá ti mọ ojúṣe rẹ, má ṣe fi àdúrà bojú láti sá fún un.