Aago Tó Dorí Kodò

Nígbà tí mo wà ní kékeré, aago kan wà láyà ẹ̀gbọ́n màmá mi tó máa ń rú mi lójú. Wọ́n á fi pín-ìnnì kọ́ ọ mọ́ bùbá, yóò wá dorí kodò: 12 nísàlẹ̀, 6 lókè. Mo rò pé ó ti bàjẹ́ ni. Ọjọ́ tí ibà dá mi dùbúlẹ̀ nílé wọn ní Bódìjà ni mo tó mọ̀. Wọ́n fi ìka mẹ́ta tẹ ọrùn ọwọ́ mi, wọ́n dákẹ́, wọ́n tẹjú mọ́ àyà ara wọn, ètè wọn ń mì bí wọ́n ṣe ń ka bí iṣan mi ṣe ń sọ. Aago tó dorí kodò lójú tèmi, ṣánṣán ló dúró lójú tiwọn. Ọwọ́ wọn méjèèjì ṣófo, kò sí ẹ̀gbà, kò sí òrùka, kí ìdọ̀tí ara aláìsàn kan má baà bá wọn dé ọ̀dọ̀ èkejì.

Wọ́n ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe nọ́ọ̀sì, tí wọ́n sì ti kọ́ àwọn ọmọ mìíràn níṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sùn nílé Màmá Bódìjà yóò tẹ́ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé dókítà àgbà ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Etí aṣọ bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ ká sábẹ́ fóòmù pẹrẹsẹ. Bó bá wú níbì kan pẹ́nrẹ́n, wọ́n á fà á yọ. "Tú u, kí o tún un tẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ló kọ́ yín báyìí?"

"Yúsíéèṣì ni. Ìgbà Mátírọ́ọ̀nù Pratt." Kí wọ́n tó dárúkọ yẹn, ẹ̀yìn wọn ti kúrò lára àga.

Olóyè Kofoworọlá Àbẹ̀ní Pratt ti ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ni wọ́n ń wí. Èkó ni wọ́n bí wọn sí. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù wọ́n láti ilẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá wọn kò fọwọ́ sí i, torí òyìnbó ló di iṣẹ́ náà mú nígbà ìjọba amúnisìn. Ìbàdàn wa níbí ni wọ́n ti wá kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ní United Missionary College ní Mólété. Wọ́n padà sí Èkó, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé CMS láti 1936 sí 1940. Ní 1941 wọ́n fẹ́ Olú Pratt, apòògùn òyìnbó. Nígbà tí ọkọ lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyàwó tẹ̀ lé e ní 1946, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn St Thomas'. Ní 1948 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sábẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, èyí ló fi jẹ́ pé Olóyè Pratt ni a kà sí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀. Aláìsàn kan tilẹ̀ kọ̀ pé kí ọwọ́ dúdú má kan òun.

Gẹ̀ẹ́sì ń fi wọ́n yangàn lónìí, ó sì tọ́. Àmọ́ ní tèmi o, ìtàn wọn tó kàn wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n padà délé ní 1954. Pẹ̀lú gbogbo ìwé ẹ̀rí ọwọ́ wọn, ipò síísítà wọ́ọ̀dù ní Yúsíéèṣì ṣì jẹ́ ti òyìnbó. A kọ́kọ́ fi dù wọ́n. Ọmọ onílé wá ń kanlẹ̀kùn ilé baba rẹ̀! Ó tó bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà kí wọ́n tó di mátírọ́ọ̀nù Yúsíéèṣì, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jókòó sí àga náà. Ní 1965, wọ́n wà lára àwọn tó mú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wọ Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni mo ti rí tíṣà Mólété padà. Ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ létí bẹ́ẹ̀dì wá di ohun tí ọmọbìnrin lè tìtorí rẹ̀ gba yàrá ní Àgbowó létí yunifásítì, kó sì gba dìgírì lórí rẹ̀.

Ipò kò tán nílẹ̀ fún wọn: ọ̀gá àgbà nọ́ọ̀sì ìjọba àpapọ̀, kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ní Èkó ní 1973. Ọdún yẹn náà ni Red Cross àgbáyé fi àmì ẹ̀yẹ Nightingale dá wọn lọ́lá. Kofoworọlá lóòótọ́, ta ló ń ta irú ọlá yẹn? Wọ́n dágbére fáyé ní 1992.

Nígbà tí àìsàn ìkẹyìn dá Màmá Bódìjà mọ́lẹ̀, nọ́ọ̀sì ọ̀dọ́ kan máa ń wá tọ́jú wọn nílé. Ọ̀rọ̀ ti ń wọ́n lẹ́nu wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ọmọ náà pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ wọn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóòmù, ó ń rìn, títí ó fi kan igun kan. Ó dúró. Wọ́n fi ìka méjì fa etí aṣọ náà, kò le, ó kàn yọ díẹ̀.

Nọ́ọ̀sì náà wò mí pé kí ló dé.

Mo ní, "Ẹ tú u, kí ẹ tún un tẹ́."