Ta Ni Yóò Yí Ọdún 1967 Padà?

Ní ọdún 2000, ilé-iṣẹ́ Looney Labs ní Amẹ́ríkà gbé eré káàdì kan jáde tí wọ́n pè ní Chrononauts. Káàdì 32 ni a ó tò sílẹ̀, láti ọdún 1865 tí wọ́n pa Ààrẹ Lincoln títí dé 1999. Àwọn tí ń ṣeré a máa padà sẹ́yìn lọ yí ìṣẹ̀lẹ̀ dà. Àwọn káàdì kan jẹ́ òpómúléró: bí a bá ti yí ọ̀kan, àwọn ọdún tí ó gbára lé e yóò di àlàfo tí a ní láti dí. Bí àlàfo bá pé 13, ayé parẹ́, gbogbo wa sì pàdánù.

Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin pinnu láti fi ìtàn Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀, láti 1861 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó, títí dé 1999 tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀. Kíkọ ọdún sórí páálí kò nira. Òfin ni ó ṣòro, nítorí ẹni tí ó bá ṣòfin ni yóò sọ ohun tí ó bí èkejì.

Orí ogun abẹ́lé ni àríyànjiyàn ti le. Ẹnì kan fẹ́ kí ogun 1967 jẹ́ òpómúléró, kí a lè pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹlòmíràn ní ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù Kìíní ọdún 1966 ni kí á yí. Ọ̀rẹ́ wa tí ó jẹ́ ọmọ Ìgbò, tí àbúrò bàbá rẹ̀ kò ti ojú ogun dé, wá sọ̀rọ̀: “Ìdìtẹ̀gbàjọba oṣù Keje ńkọ́? Àwọn tí wọ́n pa ní Àríwá lọ́dún kan náà ńkọ́? Bí ẹ bá fò wọ́n, ẹ ti dájọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.”

Òfin tí a fẹnu kò sí nìyí. Ogun kì í ṣe òpómúléró, àtubọ̀tán ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ dènà rẹ̀ gbọ́dọ̀ yí káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó ṣáájú rẹ̀. Ní orí ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sọ ohun tí àwọn ènìyàn tirẹ̀ ì bá ti ṣe, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹ̀yà mìíràn ṣe. Bí àwa yòókù kò bá gbà, àlàfo yóò wà níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn. A máa ń kọ ọ́ pé ogun “bẹ́ sílẹ̀”, bí ẹni pé òjò ni. Eré yìí kò fún ẹnikẹ́ni láyè láti sọ bẹ́ẹ̀. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tí ó rí ogun náà dènà láàárín wa. Gbogbo wa ni a mọ ẹ̀bi ẹlòmíràn lórí. Ó kan tiwa, ahọ́n wúwo.